Ẹlẹ́rìí Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́

Bí ẹ bá ń wá a, ẹ má dààmú dé kíláàsì. Àwọn olùkọ́ tí wọ́n gbà síṣẹ́ láti bí ọdún márùn-ún wá kò mọ̀ ọ́n lójú, àwọn tó mọ̀ ọ́n lójú sì ti ń fẹ̀yìn tì. Ọ́fíìsì àjọ tó ń pín bọ́sárì fáwọn ọmọ ìpínlẹ̀ ni kí ẹ gbà lọ, láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n bá ń yẹ ìwé wò láti mọ ẹni tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ lóòótọ́. Àwọn ọmọ á ti tò dé ẹnu géètì, oníkálukú á di fáìlì mọ́yà: lẹ́tà ìgbaniwọlé JAMB, ìwé ìjọba ìbílẹ̀ tó sọ pé ọmọ bíbí ibẹ̀ ni wọ́n, káàdì ìdánimọ̀, rìsíìtì owó ilé ẹ̀kọ́ tọdún yìí, èsì ìdánwò tèṣí, àti lẹ́tà tí ilé ẹ̀kọ́ fi jẹ́rìí pé ọmọ yìí ṣì ń kàwé lọ́dọ̀ àwọn. Ọkùnrin kan á wà níbẹ̀ tí kò mú fáìlì kankan lọ́wọ́. Ó wọ súùtù, ó dé bẹ́rẹ́ẹ̀tì pupa, ó mú ìwé gbọọrọ kan dání tí wọ́n fi bírò to orúkọ sí. Kò sí lórí ìlà. Òun ló ń to ìlà.

Kọ́múréèdì ni gbogbo ayé ń pè é. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ wà ńlẹ̀ o, ìyá rẹ̀ nìkan ló ṣì ń lò ó. Ó ti ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ìpínlẹ̀, ó ti ṣe alákòóso ẹkùn, nísinsìnyí ó di olùdámọ̀ràn àgbà fún àwọn ààrẹ tó jẹ́ pé òun ló fi wọ́n joyè. Ohun tí àjọ fẹ́ràn lára rẹ̀ ni pé ó mọ gbogbo ènìyàn. Bí akọ̀wé bá wo fọ́tò ara káàdì, tó wo ojú ọmọ tó dúró síwájú rẹ̀, tí méjèèjì kò jọra, Kọ́múréèdì á ti tẹríba lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì: “Mọ́mì, ẹ kúuṣẹ́ mà. Ọmọ wa ni. Ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀, ọdún kẹta. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa.” Akọ̀wé á mí kanlẹ̀, á fàmì sí i. Oòrùn ti ń mú, ebi ń pa á, ìlà kò sì tíì dínkù. Kò sẹ́ni tó bi Kọ́múréèdì rí pé òun fúnra rẹ̀, ta ló mọ̀ ọ́n.

Ọdún 2013 ló wọ yunifásítì, ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́rin ló sì wá kọ́. Ẹ bi í léèrè ohun tó fà á tó fi pẹ́ tó báyìí, ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ni yóò dá lẹ́bi. Kí á má purọ́, ASUU náà gbìyànjú. Ìyanṣẹ́lódì 2013 gba oṣù márùn-ún ààbọ̀, ti 2020 gba oṣù mẹ́sàn-án, ti 2022 bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 14 oṣù kejì, kò parí títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá. Ẹ ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, kò pé ọdún méjì. Ìyókù, Kọ́múréèdì ló yan ìyanṣẹ́lódì tirẹ̀, kò sì tíì sí ìjọba tó bá a jókòó àdéhùn.

Ó mọ ìtàn, ẹ ò lè gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, tó ti kígbe “Àlútà!” lẹ́ẹ̀mẹta, yóò mú wa padà sí 1978, nígbà tí ìjọba ológun fi kún owó oúnjẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tí wọ́n sì tú síta láti Èkó dé Zaria, tí wọ́n ń pariwo pé kí Ali, kọmíṣọ́nnà ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀, máa lọ. Yóò dárúkọ Ṣẹ́gun Òkèowò, ààrẹ NUNS, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà nígbà náà. Yóò sọ bí ìjọba ṣe fòfin de NUNS, tí NANS sì jáde rọ́pò rẹ̀ ní 1980. Yóò wá dákẹ́ díẹ̀ kí àtẹ́wọ́ lè ráyè. Ó máa ń fẹ́ kí á ka òun mọ́ ìran yẹn, mo sì rò pé ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: wọ́n lé Òkèowò kúrò ní yunifásítì. Èyí, wọ́n ti lé e títí, kò lọ.

Iṣẹ́ tó ń ṣe gan-an kò le láti lóye. Lẹ́tà ìjẹ́rìí yẹn, ojúlé mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ kọjá. HOD, olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́, yóò kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n HOD ti lọ ìsìnkú àna rẹ̀. Ó di ọ́fíìsì tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa sọ pé ìwé tó ní orúkọ ilé ẹ̀kọ́ lórí ti tán. Ó kan ọ̀dọ̀ igbákejì rẹ́jísítírà, òǹtẹ̀ sì wà nínú dúrọ́ọ̀ tí ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ń gba ìsinmi lọ́wọ́. Ọmọ tó wá láti abúlé lè lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko lẹ́nu rẹ̀, ọjọ́ tí àjọ fi sílẹ̀ á sì ti kọjá lọ. Kọ́múréèdì á mú lẹ́tà kan náà jáde kí ìrẹsì tó jinná. Kì í pe ohun tó gbà lọ́wọ́ ọmọ náà ní rìbá, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. “Lọ́jísítíìkì” ni.

Nínú ìwé gbọọrọ yẹn, orúkọ àwọn kan wà tí wọn kò sí nílé ẹ̀kọ́ kankan. Ọ̀kan ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, ọ̀kan ń ta ọkọ̀ àlòkù ní Kutọnu, ẹnì kan sì ti sin ìlú tán, ó ti bí ọmọ méjì. Gbogbo wọn wà ní ọdún kẹta, ọdún kẹta náà ni wọ́n sì wà léṣìí. Ìyẹn kò ní kó má kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ rédíò láti bẹnu àtẹ́ lu “àwọn ayédèrú akẹ́kọ̀ọ́ tó ń jẹ owó ọmọ mẹ̀kúnnù.”

Ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù bà á ni ti NELFUND, àjọ ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ tí ìjọba àpapọ̀ ṣí pọ́tàlì rẹ̀ lọ́jọ́ 24 oṣù karùn-ún, 2024. Owó yíyá ni, kì í ṣe bọ́sárì, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n gbé e gbà kò dùn mọ́ Kọ́múréèdì nínú. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN ni wọ́n ń béèrè, nọ́ńbà báǹkì BVN, nọ́ńbà JAMB, nọ́ńbà màtíríìkì. Ilé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ló máa fi orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ ránṣẹ́. Owó ilé ẹ̀kọ́ ń lọ tààrà sí àpò ilé ẹ̀kọ́, ẹgbẹ̀rún lọ́nà 20 náírà owó ìtọ́jú oṣooṣù sì ń wọ àkáǹtì ọmọ fúnra rẹ̀. Kò sí “mo mọ̀ ọ́n dáadáa” níbì kankan nínú rẹ̀. Kọ́múréèdì pe àwọn oníròyìn jọ, ó ní ẹ̀rọ kò lójú àánú.

Ó dán tirẹ̀ náà wò lóru, nígbà tí kò sẹ́ni tó ń wò ó. Ó tẹ nọ́ńbà màtíríìkì rẹ̀ sí i. Ẹ̀rọ ní òun kò rí akẹ́kọ̀ọ́ kankan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ya àwòrán ojú fóònù náà, ó gbé e sórí WhatsApp kí ilẹ̀ tó mọ́: “Ẹ wo bí ìjọba ṣe ń fi ìyà jẹ àwọn ọmọ Nàìjíríà!”

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín kò pẹ́ lẹ́nu ẹni. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan kò tètè fi orúkọ ránṣẹ́, àwọn ọmọ tó ń jókòó ìdánwò lójoojúmọ́ sì wá di ẹni tí ẹ̀rọ kò mọ̀ rí. Ẹlòmíràn ń jẹ́ Ọláyínká nínú NIN, ó ń jẹ́ Yínká lọ́dọ̀ JAMB, ọ̀rọ̀ bá dúró síbẹ̀. Ọmọ tí ìwé rẹ̀ pé pérépéré, ta ni kó sá tọ̀? Ọ́fíìsì ní kó lọ bá ẹ̀ka kọ̀ǹpútà, ICT, ICT ní kó padà sí ọ́fíìsì. Ọmọ náà bá gba ìdí mọ́tò lọ, níbi tí Kọ́múréèdì ti ta agboòrùn, tó gbé kọ̀ǹpútà àgbéléwọ̀ kan lé tábìlì, tó kọ ọ́ sára páálí pé: “A Ń Tún Orúkọ Ṣe.” Ìbínú rẹ̀ sí ẹ̀rọ ti rọlẹ̀ báyìí. Bí ẹ bá fẹ́ bá a wí, ẹ kọ́kọ́ pe HOD kúrò níbi ìsìnkú.

Ìdìbò ẹgbẹ́ ń bọ̀ lọ́nà báyìí, ipò ńlá ló sì ń wò. Òfin ẹgbẹ́ ní ẹni tó bá fẹ́ díje gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí wá pé akẹ́kọ̀ọ́ lòun. Kọ́múréèdì kò jiyàn. Ó ra fọ́ọ̀mù dípólómà ọ̀sán Sátidé nípa ìmọ̀ àlàáfíà, ó sanwó, ó gba nọ́ńbà màtíríìkì tuntun, ó sì ti tẹ̀ ẹ́ sára pátákó ìpolongo lábẹ́ bẹ́rẹ́ẹ̀tì pupa náà. Lọ́jọ́ tó yọjú láti gba káàdì, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ dìde fún un, wọ́n kí i pé “Ẹ káàsán sà”, wọ́n rò pé olùkọ́ ti dé. Ó ní kí wọ́n jókòó. Ó kọ nọ́ńbà fóònù gbogbo wọn sínú ìwé, ó ní òun á máa bá wọn rí sí ti bọ́sárì, òun á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí kíláàsì bí ìdìbò bá ti kọjá.