Sí Ọ̀rẹ́ Mi Tó Fi Ọjọ́ Kan Jẹ Gúúsù Faransé Tán

Àjàní ọ̀rẹ́ mi,

Gbogbo àwòrán tí o fi ránṣẹ́ la ti rí. Láàárọ̀, ìwọ rèé ní Arles, níwájú pápá eré àwọn ará Róòmù. Kí oúnjẹ àárọ̀ tó dà nínú rẹ, o ti dé Aix. Nírọ̀lẹ́, Saint-Tropez, lóru, Nice. Nínú gbogbo wọn, ilẹ̀kùn mọ́tò ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ bíi ti kọ́ńdọ́ dáńfó. Ta ló ń lé ọ?

Ìyàwó wa ló tú àṣírí. Ó ní títì márosẹ̀ lẹ gbà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, pé tóògéètì nìkan lòun lè júwe ní Faransé. Mo mọ̀ pé òfin gbà kí èèyàn sá 130 kìlómítà ní wákàtí kan níbẹ̀, 110 bí òjò bá ń rọ̀. Àjàní, òfin ní kí o má kọjá rẹ̀ ni, kò ní dandan ni kí o dé ibẹ̀. Paul Cézanne, ayàwòrán nì, fi ọ̀pọ̀ ọdún ya òkè Sainte-Victoire lẹ́bàá Aix, ó ń yà á, ó ń tún un yà, títí tó fi kú lọ́dún 1906. Ìwọ wò ó nínú dígí ẹ̀yìn ọkọ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ìrẹsì. Ìwọ tí kì í sùn bí o kò bá jẹ ẹ́! Ní ìsàlẹ̀ Arles, níbi tí odò Rhône ti pín sí méjì kó tó wọ òkun, ni Camargue wà, oko ìrẹsì sì ni lọ́tùn-ún lósì. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Faransé kó àwọn ọmọ Vietnam wá láti ilẹ̀ tó ń ṣàkóso, pé kí wọ́n wá ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń rọ ohun ìjà. Nígbà tí ogun dojú rú, wọ́n kó lára wọn lọ sínú ẹrọ̀fọ̀ yẹn lọ gbin ìrẹsì, lówó táṣẹ́rẹ́. Wọ́n ń gbin ìrẹsì pupa kan níbẹ̀ báyìí tó le lẹ́nu díẹ̀. Bu ọbẹ̀ ayamáṣẹ lé e, kò ní jà. O gba ẹ̀gbẹ́ gbogbo ìyẹn kọjá, o lọ ra búrẹ́dì nílé epo.

Láti Arles, ọ̀nà Salin-de-Giraud ló yẹ kí o gbà. Omi iyọ̀ ibẹ̀ máa ń pọ́n, ẹyẹ flamingo náà pọ́n, nítorí ohun tínńtín inú omi tí wọ́n ń jẹ. Ọkọ̀ ojú omi kan ló máa gbé mọ́tò yín sọdá Rhône. Kò gùn, ṣùgbọ́n wàá pa ẹ́ńjìnnì. Ibẹ̀ ló máa le fún ọ jù.

Lẹ́yìn Marseille, ẹ yà sí Cassis, kí ẹ gun ọ̀nà orí òkè lọ sí La Ciotat. Cap Canaille ga tó 394 mítà, òkun sì wà nísàlẹ̀ gbọnrangandan. Bí atẹ́gùn bá le, wọ́n á ti ọ̀nà náà, kò sí ẹni tí o lè bẹ̀. Ibùdókọ̀ La Ciotat ni ọkọ̀ ojú irin inú fíìmù tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Lumière ti dé, èyí tí wọ́n fi han aráyé ní 1896. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Má fi ìyẹn gbèjà ara rẹ o: ọkọ̀ yẹn dúró, èrò sì sọ̀kalẹ̀. Ìlú yìí náà ni wọ́n ti dá eré pétanque sílẹ̀, nítorí ọkùnrin kan tí làkúrègbé kò jẹ́ kó lè sáré ju bọ́ọ̀lù mọ́. Àwọn tó ń ṣe é ṣì ń dúró sójú kan dòní.

Mo gbọ́ pé ẹ ń padà lọ lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ tètè jókòó jẹun ọ̀sán, torí bí agogo méjì bá ti lù, ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ ibẹ̀ kì í dáná mọ́. Bí o bá sì ní ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé Monaco ná, ìyàwó wa ti sọ fún mi pé ọwọ́ òun ni kọ́kọ́rọ́ máa wà.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ tí kì í sáré.