Bí Mogbọ́ntán Ṣe Lè Fi Dírónù Wá Wàhálà

Ọ̀gá Mogbọ́ntán, mo gbọ́ pé o fẹ́ ra dírónù tí yóò máa fín oògùn sí oko àgbàdo rẹ. O kú orí ire. Bí o kò bá fẹ́ kó pẹ́ lọ́wọ́ rẹ, gbọ́ tèmi.

Má gba ìwé kankan kí ó tó dé. Àwọn ojo ló ń kọ́kọ́ lọ gba End User Certificate lọ́dọ̀ Olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí ètò ààbò l'Ábùjá. Tìrẹ, jẹ́ kó gúnlẹ̀ ní Àpápá láìníwèé. Àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù á bá ọ tọ́jú rẹ̀ títí tí bátìrì á fi kú.

Bó bá yọ́ wọlé, má ya ọ̀dọ̀ NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso ìrìnnà òfuurufú. Láti ọdún 2016 ni wọ́n ti ń pariwo pé ẹni tí kò gbàṣẹ kò gbọdọ̀ gbé dírónù sókè. Ṣebí oko bàbá rẹ ni? Ilẹ̀ ni bàbá fi sílẹ̀ o, òfuurufú ò sí nínú ogún. Ká sòótọ́, wàhálà ìwé yìí ti pọ̀ jù fún àgbẹ̀ éékà méjì, ó sì yẹ kí ìjọba dín in kù. Ṣùgbọ́n ìwọ má dúró dè wọ́n.

Bí àna rẹ bá wà ní Maiduguri, gbé e lọ fi ṣe fáàrí níbẹ̀. Láti Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025 ni àwọn ológun òfuurufú Operation Hadin Kai, ikọ̀ tó ń gbógun ti agbésùnmọ̀mí, ti fòfin de dírónù ní gbogbo Àríwá Ìlà-Oòrùn, torí àwọn agbésùnmọ̀mí náà ń lò ó. Sójà tó bá rí tìrẹ lókè ò ní bi í léèrè bóyá àgbẹ̀ ló rán an.

Oògùn ńkọ́? Po paraquat mọ́ atrazine, oògùn apakoríko méjèèjì. Àjọ NAFDAC fòfin de ti àkọ́kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ 2024, ó de èkejì láti ìbẹ̀rẹ̀ 2025. Ẹni tó ṣì ń tà wọ́n á fà á yọ fún ọ lábẹ́ àga. Wá dúró di ọ̀sán gangan tí atẹ́gùn ń fẹ́, kí o gbé dírónù ga dé orí ọ̀pẹ kó tó máa fín in. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni yóò balẹ̀ sí oko rẹ. Ìyókù á bá atẹ́gùn lọ sórí ewédú Ìyá Àlàbá lódìkejì odò. Kó tó di ọ̀tunla, ewé á ti dá tó-tò-tó bí ẹni pé wọ́n fi iná sìgá jó o.

Bí ìyá bá wá, ní kó lọ pe afẹ́fẹ́ lẹ́jọ́. Bó bá ní lọ́yà ni àbíkẹ́yìn òun, sáré gbé àga fún un, kí o sì máa ka owó.