Ọmọ ọ̀dọ̀ tó gbọ́ràn jù

Àwọn tó ń tọ́jú Linux máa ń bú rm, àṣẹ tó ń pa fáìlì rẹ́, pé ìkà ni. Ẹ jẹ́ kí n gbèjà rẹ̀: ìgbọràn ló pọ̀ jù lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ ọ̀dọ̀ tí a ní kó gbálẹ̀ á kọ́kọ́ béèrè bóyá owó tó wà nílẹ̀ jẹ́ ara pàǹtí. Rm ò ní béèrè. Ẹ fẹ́ kọ rm *.log, àtàǹpàkò yín ṣèèṣì fi àlàfo kan sí i, ó di rm * .log. Ṣẹ́ẹ̀lì, ètò tó ń gba àṣẹ tí ẹ tẹ̀, á fi orúkọ gbogbo fáìlì tó wà ní gbangba nínú fódà náà rọ́pò ìràwọ̀ yẹn, rm á pa wọ́n rẹ́, lẹ́yìn náà ni yóò wá fi ọ̀wọ̀ ròyìn pé òun ò rí ohunkóhun tó ń jẹ́ .log. Kò sí ààtàn tí a ó lọ tú.

Ẹlòmíràn á ní, "Ẹ ṣáà fi -i sí i, kó máa béèrè." Ó dáa. Àmọ́ ẹni tí a bi ní ìbéèrè kan náà lórí ogójì fáìlì, ìka rẹ̀ á ti máa tẹ y kí ojú tó kà á, bí ẹni ń ṣe àmín sí àdúrà tí kò gbọ́. Mo fara mọ́ -I onílẹ́tà ńlá jù: bí fáìlì bá ju mẹ́ta lọ, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń béèrè. Kó tó kan ìyẹn pàápàá, ẹ kọ ls, tó kàn ń to orúkọ fáìlì, sí ipò rm, kí ẹ fojú ara yín rí ohun tó fẹ́ kú. Bí wọ́n bá pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́wọ́ kúrò lórí kíbọọ̀dù.