Èmi Tí N Kì Í Kọ Iṣẹ́

Aláró ni mí ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ọwọ́ mi ò mọ́ṣẹ́, irọ́ ló pa. Ẹnu mi ni kí ẹ sá fún. Kí oníbàárà tó sọ̀rọ̀ tán ni mo ti máa ń dáhùn pé, "Ó ti bùṣe, Mọ̀mí, ẹ lọ fọkàn balẹ̀." Yáàdì mélòó ni? Ọjọ́ wo ni wọ́n fẹ́ ẹ? Ó dìgbà tí wọ́n bá wọ mọ́tò tán kí n tó rántí pé ó yẹ kí n bèèrè.

Ẹ̀rù wà níbẹ̀ o, n ò purọ́. Ní Ìtòkú, ṣọ́ọ̀bù fara kan ṣọ́ọ̀bù ni, ẹni tí mo bá ní kó máa lọ kò ní rìn jìnnà kó tó rí ẹni tí yóò gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù nìkan kọ́. Owó àsansílẹ̀ ló de mí mọ́lẹ̀. Owó tí oníbàárà tuntun bá mú wá ni mo fi ń ra aṣọ funfun, àbẹ́là àti aró fún oníbàárà àtijọ́, torí pé owó ti oníbàárà àtijọ́ ti wọ inú aṣọ ẹni tó ṣáájú rẹ̀. Bí mo bá kọ iṣẹ́ tòní, iṣẹ́ àná ò ní jáde. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń gba iṣẹ́ kí n lè ríṣẹ́ parí.

Ìyá mi tó kọ́ mi níṣẹ́ kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ìkòkò aró ẹ̀lú ni tiwọn. Bí aró bá ti rẹ̀, wọ́n á dé ìkòkò, wọ́n á sọ fún oníbàárà pé kó padà wá, ó tán. Èmi, sódà àti háídírò ni mò ń dà sínú ike, mo fẹ́ẹ̀ lè pa aró láàárín kí n jẹun àárọ̀ kí n sì fọ abọ́. Àwọn aláró Abẹ́òkúta ti jà gidi nítorí sódà yìí láyé àtijọ́. Nígbà tí Aláké Adémọ́lá Kejì fòfin de sódà àti aró òyìnbó, àwọn obìnrin náà kọ̀ jálẹ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀hún sì di iṣu ata yán-an-yàn-an lọ́dún 1936. Ẹni tó lè kọ ọ̀rọ̀ sí Aláké lẹ́nu! Èmi tí mo jogún iṣẹ́ wọn, n ò lè kọ ọ̀rọ̀ sí ẹni tó fẹ́ yáàdì márùn-ún kí Sátidé tó dé lẹ́nu.

Ẹgbẹ́ àwọn tó jáde níléèwé kan ló kọ́kọ́ ká mi mọ́. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni wọ́n fẹ́, kìnnìún sì ni àmì iléèwé wọn. Èmi yìí, bí ẹ bá ní kí n ya Ìbàdàndún, mo lè di ojú kí n fi ìyẹ́ adìẹ ya òpó Màpó fún yín. N ò ya ẹran ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin rí. "Kìnnìún kẹ̀?" ni mo wí. "Ìyẹn náà ni ẹ ń pè níṣẹ́?" Ẹ̀kọ láfún kò gbọ́ ti irun ọrùn kìnnìún. Ó ṣàn wálẹ̀, ó sì dúró sí àgbọ̀n. Nígbà tí a rẹ aṣọ náà sínú aró tí a ha ẹ̀kọ kúrò, òbúkọ onírùngbọ̀n ló ń wò wá. Alága ẹgbẹ́ wò ó títí. Ó ní, "Àǹtí, kí ló ń rẹ́rìn-ín sí?"

Mo ní n ó tún un ṣe. Owó dà? Òtẹ́ẹ̀lì kan sì wá wọlé lásìkò yẹn gan-an: kọ́tìnì àti aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì fún gbogbo yàrá, àwọ̀ aró kan ṣoṣo, nínú oṣù Keje tí òjò kì í dá. Ẹni tó bá ń ṣe aró mọ̀ pé aṣọ tó kọ́kọ́ wọ ike ló ń mu yó, èyí tó gbẹ̀yìn á fi ìṣẹ́kù pa òǹgbẹ. Àwọ̀ kan ṣoṣo lára aṣọ tó pọ̀ tó yẹn kò sí lọ́wọ́ èmi nìkan. Mo ní kò sí wàhálà. Mo tilẹ̀ fi kún un, láìsí ẹni tó bi mí, pé aró mi kì í ṣí.

Mo pín lára iṣẹ́ náà fún àwọn aládùúgbò. Nígbà tí a fi kọ́tìnì kọ́, ti ọwọ́ ọ̀tún fèrèsé kan kò bá ti ọwọ́ òsì tan rárá. Ìyẹn rọrùn, alẹ́ ṣáà lọ̀pọ̀ àlejò ń dé. Aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì ló fa ọ̀ràn. Omi là ń fi ṣan àdìrẹ, omi lórí omi, títí èyí tó ń jáde lára rẹ̀ yóò fi mọ́. Omi tèmi kò tíì mọ́ tí mọ́tò òtẹ́ẹ̀lì fi ń fun fèrè lẹ́nu ọ̀nà. Kò sóòrùn. Mo fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ gbẹ, mo ká a, mo sì gbàdúrà.

Bàbá kan tó wá ṣèpàdé nílùú ló kọ́kọ́ sùn lórí rẹ̀. Orí wọn pá. Iná lọ lóru, wọ́n sì lágùn. Lówùúrọ̀, wọ́n sọ̀kalẹ̀ wá síbi oúnjẹ, wọ́n ń kí gbogbo èèyàn pẹ̀lú ọ̀yàyà, àwọn èèyàn sì ń di ẹnu mú. Mẹ́ta nínú àwọn ìràwọ̀ tí mo yà sára aṣọ náà ló wà ní ìpàkọ́ wọn. Wọ́n fi fótò ránṣẹ́ sí mi, kí n má purọ́, iṣẹ́ náà hàn kedere ju tara aṣọ lọ. Ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì kò bú mi. Ó kàn ní kí n sọ èyí tí òun ó gbà gbọ́ fún òun, ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni tàbí orí Bàbá.

Ó ní kí n dá owó padà. Owó ti di kìnnìún ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ó ronú sí i, ó ní bí mi ò bá lówó, ṣé mo lè fi aṣọ tábìlì dí i, gbogbo tábìlì yàrá ìjẹun. "Ó ti bùṣe," ni mo wí. Ọmọ iṣẹ́ mi tó ń gbé korobá lọ gbé e kalẹ̀, ó jókòó lé e.

Ọjọ́ yẹn ni ìyá mi gba fóònù lọ́wọ́ mi. Wọ́n gbé àga sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ẹnikẹ́ni tó bá dé, gbólóhùn kan ló ń bá lẹ́nu wọn: "A ò gbà." Aṣọ ẹbí? A ò gbà. Ti pásítọ̀? A ò gbà. Èmi wà lẹ́yìn ilé, mò ń ṣan aṣọ, ara mi balẹ̀ díẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ọkùnrin kan dé, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Mọ̀mí, owó kan ni mo mú wá fún Àǹtí aláró." Ìyá mi kò tilẹ̀ jẹ́ kó dìde. "A ò gbà." Ó bi wọ́n léèmejì bóyá wọ́n gbọ́ òun dáadáa. Wọ́n ní àwọn gbọ́. Ó dúpẹ́ dúpẹ́, ó súre fún wọn, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kí n tó nuwọ́ aró jáde, ọ̀kadà ti gbé e dé ìkóríta. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo fi dá a mọ̀. Láti ìdúnta ló ti jẹ mí lówó yáàdì ogún.