777 Aago Méjì Òru

Nígbà tí fáìlì bá kọ̀ tí kò gbọ́, tí aago méjì òru sì ti lù, ọwọ́ á kàn tẹ chmod 777 fúnra rẹ̀: kí tọmọdé tàgbà wá kà á, kí wọ́n sì kọ ohun tó bá wù wọ́n síbẹ̀. Èmi náà ti ṣe é. Mo ṣí my.cnf, fáìlì ìṣètò MySQL, sílẹ̀ gbayawu, mo tún MySQL gbé dìde. Ó dìde lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tẹ̀lé ẹyọ kan nínú ohun tí mo kọ. Ó ní fáìlì tí gbogbo ayé lè kọ nǹkan sí, òun ò kà á. Bí àgbàlagbà tí kì í jẹ ọbẹ̀ tó ṣí sílẹ̀ mọ́jú.

PostgreSQL tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí àpò dátà rẹ̀ bá ṣí ju 0750 lọ, kò ní dìde rárá.

Níbo gan-an tiẹ̀ ni fáìlì ìṣètò ọ̀hún wà? my.cnf lè wà ní /etc, ó lè wà ní /etc/mysql, òmíràn sì lè sá pamọ́ sílé rẹ. MySQL á ka gbogbo wọn ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, èyí tó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ló sì máa ń borí, bí ìpàdé ẹbí. Ti PostgreSQL ńkọ́? Mo fi ọ̀sán kan gbáko tún postgresql.conf tí ẹnikẹ́ni ò kà ṣe. Ẹ̀gbọ́n kan níbi iṣẹ́ kàn wò mí lójú: "Ṣé o ti bi í?" Mo tẹ SHOW config_file. Ó dáhùn lójú ẹsẹ̀.