Tíṣà Ọ̀fẹ́

Ẹnu mi ló kó bá mi. Lọ́jọ́ tí ọmọ aládùúgbò wa kan ní Adéwọlé ń sunkún nítorí asáìmẹ́ǹtì, èmi ni mo na ọwọ́ pé, "Gbé e wá. Kí ló le níbẹ̀?" Láti ọjọ́ náà ni mo ti di Tíṣà. Bí àwọn ọmọ bá ti ilé kéú dé, tí a kírun àṣálẹ́ tán, wọn á tẹ́ ẹní síwájú ilẹ̀kùn mi, pẹ̀lú ìwé àti tọ́ọ̀ṣì. Owó ò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ wà, orúkọ yẹn ni mo sì ń jẹ yó.

Sáyẹ́ǹsì ló kọ́kọ́ dójú tì mí. "Tíṣà, pílánẹ́ẹ̀tì mélòó ló ń yí oòrùn ká?" Mi ò jẹ́ kí ọmọ mí. "Mẹ́sàn-án!" Mo kà wọ́n gẹ́gẹ́ bí pàṣán ṣe kọ́ mi, mo fi Pluto kásẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀. Ọjọ́ kejì, bírò pupa ti fa ìlà sí i lára. Àṣé láti ọdún 2006 ni àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ti yọ Pluto lẹ́gbẹ́, tó ku mẹ́jọ. Wọ́n yọ ọ́ tán, wọn ò ránṣẹ́ sí Adéwọlé.

Mo ní kò burú, ọ̀run jìnnà. Wọ́n tún ní kí ọmọ kan kọ ẹsẹ kìíní orin orílẹ̀-èdè wa. Mo rẹ́rìn-ín. Orin tí mo fi ọdún mẹ́fà kọ láràárọ̀ ní pírámárì! Mo dìde dúró ṣánṣán, mo na ọwọ́ méjèèjì sí ìhà, mo ń pè é, ọmọ ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó gbójú sókè: "Tíṣà, èyí kọ́ la máa ń kọ o." Mo ní, "Ṣé ìwọ lo bí mi ni?" Òdo tí wọ́n fún un tóbi bí àwo ìrẹsì. Orin 1978 ni mo pè. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2024 ni ìjọba ti dá èyí tí a fi gba òmìnira ní 1960 padà. Mo kúkú gbọ́ ọ lórí rédíò. Etí ló gbọ́, ẹnu ò gbà.

Nígbà tó wá kan Yorùbá, ọkàn mi balẹ̀. Èdè tí wọ́n fi pọ̀n mí, ta ni yóò yí i padà lẹ́yìn mi? "Ẹ kọ 45 ní Yorùbá." Mo ní, "Márùnlélógójì."

Ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Kò wọ kíláàsì rí, Ọjà Ọba ló ti kọ́ ìṣirò. Ó dáwọ́ dúró.

"Ta ló kọ́ ọ nìyẹn? Ogún mẹ́ta, ọgọ́ta. Yọ ẹ̀wá, àádọ́ta. Yọ àrún ńkọ́?"

Àwọn ọmọ hó yèè: "Márùndínláàádọ́ta!"

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mo gbé àga mi jáde. Ẹní ti kúrò níwájú ilẹ̀kùn mi, ó ti wà lẹ́bàá igbá ẹ̀wà. Ọmọ kan sún fún mi: "Tíṣà, ẹ jókòó síbí." Mo jókòó.

Ìyá wò mí. "Ìwọ, kí ni 185?"

Mo gbójú sókè wo ọ̀run, mo wá Pluto tì. Òun nìkan ni à bá jọ kẹ́dùn.