Kíláàsì Tí Kò Ní Ògiri
Ẹ má fi akẹ́kọ̀ọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe yẹ̀yẹ́. NOUN fúnra rẹ̀, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà tó ń kọ́ni láti ọ̀nà jíjìn, tí Ààrẹ Ṣàgàrí dá sílẹ̀ ní 1983, ìjọba ológun Bùhárí tì í pa ní 1984. Ààrẹ Ọbásanjọ́ ló jí i dìde, òun náà wọlé síbẹ̀ bí akẹ́kọ̀ọ́, ó sì gboyè ọ̀mọ̀wé ní 2018. (Olùkọ́ wo ló fẹ́ fún un ní òdo?)

Fún akẹ́kọ̀ọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ní Kàkúrì, Kàdúná, ìwé kọ́ ni wàhálà. O ra dátà, o jókòó ti kọ̀ǹpútà, ìyàwó ní, “Bàbá Ṣadé, ṣebí ẹ kàn jókòó lásán ni, ẹ bá mi gbé ọmọ.” Kíláàsì tí kò ní ògiri, ta ló máa gbà pé ó wà? Olùkọ́ wá ní kí kálukú tan kámẹ́rà. Ọmọ ló kọ́kọ́ kí i.